Máa Mí

Fọlárìn gbé e wá lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó wọ bàálù,
nínú apẹ̀rẹ̀ ike, pẹ̀lú abọ́ méjì àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára.
"Bàámi, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré."
Ọdún kejì rèé.

Ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́,
ẹyinjú yọ síta bí ẹni tó gbọ́ àṣírí tí kò yẹ kó gbọ́,
ihò imú ò ju ojú abẹ́rẹ́ méjì lọ.
Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ti bá imú.
Lára ajá yìí, èmi ò mọ ibi tí ojú parí sí
kí imú tó bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo gbé àdá,
mo rò pé olè ń fi ayùn rẹ́ irin fèrèsé mi.
Ajá ni.
Oorun ló ń sùn.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ iná létí ọ̀sà.
Mo mọ ìró páìpù tí nǹkan há lọ́fun,
mo lè tòògbé lórí àga kí n sì gbọ́
pé ẹ̀rọ kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ń jìyà.
Iná tí a ń ṣe ń gba orí òrùlé Ìjẹ̀dẹ̀ kọjá,
kì í yà kí wa.
Ẹ̀ẹ̀rùn dé báyìí, fáànù dákẹ́ lókè,
ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù fún mi láti ṣọ́
ni àyà ajá.

Dókítà Ṣówẹ̀mímọ́ lójú títì Ṣàgámù
la ẹnu rẹ̀, ó tan iná sí i, ó mi orí.
"Bàbá, ahọ́n rẹ̀ ò kéré sí ti ajá yòókù, ẹran ọ̀fun rẹ̀ ò kéré.
Ilé ni wọ́n gé kúrú. Ẹrù ò dín."
Mo ní ta ni wọ́n?
Ó ní èèyàn ni. Wọ́n fẹ́ ajá tí ojú rẹ̀ jọ ti ìkókó,
wọ́n ń mú kúkúrú gun kúkúrú, ìran dé ìran,
títí imú fi wọlé lọ.
Mo ní ṣé ẹnìkan bi ajá?
Ó ń fọ ọwọ́. Kò dáhùn.
Iṣẹ́ abẹ wà, wọ́n lè la ihò náà fẹ̀ díẹ̀;
owó ìfẹ̀yìntì oṣù márùn-ún.
Fọlárìn ní kí n ṣe sùúrù, ìwé òun ò tíì jáde.

Tantólóun, ajá aládùúgbò, imú gùn bí ìdí ẹkù ọkọ́,
á sá dé èbúté, á sá padà, ahọ́n rẹ̀ ò ní yọ.
Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Tèmi gbọ́.
Ó gbọ́, ó dìde, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́fà,
ìyókù di ọwọ́ èémí.

Kíńgì ni ọmọ mi sọ ọ́. Mo ti pa á rẹ́.
Lóru tí ọ̀fun rẹ̀ bá há, tí gbogbo ilé dákẹ́,
mo máa ń gbọ̀n ọ́n: "Máa mí! Máa mí!"
Láàárọ̀, Ìyá Mutiyátù yọjú lórí ògiri:
"Bàbá, ẹ tún lálàá Màámi yín lánàá?"
N ò tún un ṣe.
Ikọ́ fée ló mú Màámi lọ;
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi ló di abẹ̀bẹ̀ mú,
oorun sì gbé mi.

Mo ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn apẹja Bayékù,
mo fi aṣọ tútù wé e láyà.
Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi àtijọ́, ojú ewé ṣì kù.
Aago méjì: ó ń mí.
Aago méjì àbọ̀: ó ń mí, ìró rẹ̀ wúwo.
Aago mẹ́ta